Tí Àbúrò Rẹ Bá Fìdí Rẹmi ní WAEC Lẹ́ẹ̀mejì, Kí Ló Kù?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìjẹta.

Arábìnrin kan ló fi ránṣẹ́. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ti jókòó ṣe WAEC lẹ́ẹ̀mejì, ìṣirò ò sì jẹ́ kó rí ọ̀nà lọ. Bàbá wọn ti sọ pé bó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, kó kẹ́rù ẹ̀ jáde nílé. Ọmọ náà ò jẹun dáadáa mọ́. Ibi tí ara ẹ̀ ti ń yá gágá ò ju ìsọ̀ ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wọn. Ó wá bi mí pé: "Kí ni kí n sọ fún un?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ sọ. Ẹ má fi í wé ọmọ aládùúgbò. Ẹni tó ti rí F9 lórí fóònù ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ò nílò ẹni tó máa kà á sí i létí. Ẹ má sì sọ pé "ìwé kọ́ ni gbogbo nǹkan". Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ohun tí ọmọ yẹn máa gbọ́ ni pé ẹ̀yin náà ti gbà pé olódo lòun.

Ẹ bi í pé, "Ibo gan-an ni ìṣirò ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́?" Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń làágùn lórí algebra ní SS3, orí ìdajì àti ìdámẹ́rin ní Praimari 5 ni wọ́n ti ṣìnà. Kíláàsì kún, tísà ń sáré, àwọn náà ń dibọ́n pé ó yé àwọn. Bí ẹ bá tún fi ọmọ bẹ́ẹ̀ sí lẹ́sìn tó ń yanjú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá nìkan, àjà lẹ̀ ń kàn sórí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa bá a padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò náà; àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọn ò rí pátákó ni.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀nà kan ò wọjà. Láti ọdún 1992 ni Nàìjíríà ti ní NABTEB, ìdánwò àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: iṣẹ́ iná, mẹkáníìkì, aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀rí ìjọba ni, èèyàn sì lè fi wọ Pólì tàbí Yunifásítì. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba wà ní Agidingbi, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Mi ò ní tàn yín o, ìṣirò wà níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni.

Ẹ lọ wo àbúrò yín ní ìsọ̀ yẹn. Tí ọ̀gá bá fi mítà wọn bátìrì, tí mítà ní 3.1, nígbà tó yẹ kí bátìrì tó kún súnmọ́ 4.2, ta ló ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì lórí? Ìṣirò tó ń sá fún nínú ìwé, ó lè jẹ́ pé ó ti ń ṣe é níbẹ̀.

Tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà, ẹ má kàn jù ú síbẹ̀ bí ẹni ju ẹrù. Ẹ kọ ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí: ọdún mélòó, eélòó, ta ló máa ra irinṣẹ́, wákàtí wo ló máa fi lọ lẹ́sìn, ìgbà wo ló máa ṣe fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá tí kò bá fẹ́ kó lọ lẹ́sìn rárá, ẹ wá ẹlòmíì.

Ní ti Bàbá, ẹ má bá wọn jà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n mọ ìyà tí ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí ń jẹ nílùú yìí. Ẹ bẹ ẹnì kan tí wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kẹ́ ẹ jọ gbé ètò tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ lọ bá wọn. Ẹ fọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé lílé ọmọ jáde ò lè kọ́ ọ ní ìṣirò.

Paríparí ẹ̀, lọ́jọ́ tí èsì bá tún jáde, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan wò ó. Bó ò bá jẹun mọ́, tí ò bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìdánwò ṣeé tún ṣe. Ọmọ ò ṣeé pààrọ̀.

Ìwọ àbúrò, bó o bá ń gbọ́ mi, jẹun lálẹ́ òní. Ọ̀la la ó jọ ṣírò ìyókù.

Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sẹ́ni tó nílò ẹ̀. Ó dìgbà.