Ọkọ̀ ojú omi wo ni kí o wọ̀ lọ ọjà?

Ọ̀rọ̀ Admin, fóìsì nóòtì mẹ́ta. A kọ ọ́ jáde fún ẹni tí dátà rẹ̀ ò tó, àti ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ariwo ò jẹ́ kó gbọ́.

Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń ṣòwò ní Minna yìí, Ọlọ́run á fi èrè sí i. Ọ̀rọ̀ tòní ò kan iye tí wọ́n ń ta ọjà. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ẹja lápá Kainji, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kó iṣu ní Zumba, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aṣọ àti ike lọ sí Katcha. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi ni mò ń bá wí.

Àǹtí kan béèrè lórí grúùpù yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé nínú ọlọ́kọ̀ méjì, ta ni kí òun bá lọ, ṣé ẹni tó dín owó ni àbí ẹni tó tètè ń gbéra? Àwọn èèyàn dá a lóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, owó àti ìyára kọ́ la fi ń yan ọlọ́kọ̀ omi. Bẹ́ẹ̀ sì ni etí omi kọ́ la ti ń yàn án, ilé la ti ń yàn án. Tí o bá ti dé èbúté, tí ẹrù rẹ ti wà nílẹ̀, tí oòrùn ń pa ọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń wọlé, èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀ lo máa wọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe láti dẹ́rù ba èèyàn, láti kọ́gbọ́n ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan gbéra láti Lokon Minna, kì í ṣe Minna tiwa yìí o, létí adágún Kainji ni, ó ń lọ sí Wara ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Èrò inú rẹ̀ ju 150 lọ. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní kò yẹ kó gbé ju 80 lọ. Ọkọ̀ náà pín sí méjì láàárín omi. Ẹ̀mí tó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ní Egboti ń padà lọ sápá Patigi lóru. Ọkọ̀ kọ lu igi nínú omi. Àwọn tó kú ju 100 lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní Gbajibo, ìjọba ìbílẹ̀ Mokwa, alẹ́ náà ni, àwọn tó ń bọ̀ láti Máólúdù, wọ́n ní èrò tó bí 300. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Missa ní Kogi dojú dé. Katcha ló ń lọ. Ọjà ni wọ́n ń lọ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oníṣòwò bíi tiwa, púpọ̀ nínú wọn obìnrin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, lápá Malale ní Borgu, ọ̀sán gangan ni, kùkùté igi ló gbá ọkọ̀ tó kún fún èrò, wọ́n ń lọ síbi òkú.

Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ló ń padà wá ṣáá: èrò tó pọ̀ jù, òru, àti igi abẹ́ omi. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta yìí la máa fi yẹ ọlọ́kọ̀ wò.

Èkíní, èrò. Má bi atukọ̀ pé èèyàn mélòó ló ń gbé, irọ́ ló máa pa. Àwọn màmá tó ń ta ẹja àti oúnjẹ ní èbúté ni kí o bi. Kí o sì fi ojú ara rẹ wo etí ọkọ̀ nígbà tí ẹrù àti èrò bá ti wọ̀ ọ́. Tí àyè tó wà láàárín omi àti etí ọkọ̀ kò bá tó láti ọrùn ọwọ́ rẹ dé ìgúnpá, má wọ̀ ọ́. Ìgbì kékeré kan ló kù. Ẹrù náà sì ń jẹ́ èèyàn o. Àpò àgbàdo tó jẹ́ 100 kìlógíráàmù wúwo ju ìwọ lọ. Ọkọ̀ tó gbé 40 èèyàn pẹ̀lú 40 àpò, 80 ló gbé. Ọ̀kadà àti màlúù ńkọ́? Àwọn àgbà ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ fún inú ọkọ̀ ojú omi.

Kí wọ́n tó di ẹrù, wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọmọ kan ti ń fi igbá gbọ́n omi jáde nígbà tí ọkọ̀ ṣì so mọ́lẹ̀, pákó rẹ̀ ti là nìyẹn.

Ìkejì, àkókò. NIWA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà omi, ti fòfin de ìrìn òru. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé" tàn ọ́. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ tí ọjà rẹ ò tíì tán, sùn síbẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ máa wo ìlà oòrùn, ibẹ̀ ni ìjì wa ti sábà máa ń wá. Tí ibẹ̀ bá ti ṣú dúdú, ẹ dúró kó kọjá.

Ìkẹta, igi. Wọ́n parí ìdídò Kainji ní 1968, omi bo igbó, bo oko, bo Bussa àtijọ́ pàápàá. Igi wọ̀nyẹn ṣì wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ti ń tukọ̀ lójú ọ̀nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ká wá, kì í ṣe ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan wà nídìí ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, kó máa wo omi. Ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ń tù, tó tún ń gba owó, tó tún ń dá fóònù lóhùn, ẹ fi sílẹ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì wá kù. NIWA ní tí kò bá sí i, kò sí ìrìn. Àmọ́ àwọn kan ń fi ṣe ìrọ̀rí, wọ́n ń jókòó lé e. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ so okùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ lóṣooṣù, kó ra tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ di pákó ọkọ̀ mú, ẹ má lépa ẹrù. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ odò wẹ̀ lodò ń gbé lọ, ẹ má gbójú lé pé ẹ mọ̀wẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Admin, ọkọ̀ tí kì í kún, owó rẹ̀ á wọ́n." Á wọ́n lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹ́wàá nínú wa jọ háyà ọkọ̀ kan, ká pín owó rẹ̀. Àwọn míì á ní bí ọjọ́ bá pé, ọjọ́ pé nìyẹn. Èmi náà gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lálẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀mí náà pa.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, kó kọ èbúté, orúkọ atukọ̀ àti àkókò sórí grúùpù kó tó wọlé. Tó bá dé òdìkejì, kó kọ "mo ti dé". Ìkejì, mo fẹ́ kọ orúkọ àwọn atukọ̀ tó ṣeé bá lọ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi: ṣé ẹ ti rí i rí kó sọ fún èrò pé ọkọ̀ ti kún, kí ó sì fi owó wọn sílẹ̀ lọ? Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú yín ni mò ń wá. Tí kò bá tíì ṣe é rí, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín.

Àlọ yín, àbọ̀ yín, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.