Kóńgò Wa àti Ìgbàgbọ́ Wa

  A mọ̀ pé láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá tààrà sí kíláàsì yìí ní Àgbowó. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ tíì fi oúnjẹ kan ẹnu.

Ẹ ti parí ìwé kìíní. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan nínú yín ń di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọmọ odó mú. Lónìí, ẹ lè kọ orúkọ yín, ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀, ẹ sì lè ṣí Bíbélì kí ẹ ka ẹsẹ kan láìjẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé ni ó ń kà á sí yín létí. Inú wa dùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ti ń béèrè yín lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ka ẹ̀kọ́ kíkà, ẹni tí yóò máa kọ orúkọ àwọn tó wá sí ìpàdé, ẹni tí yóò máa kọ owó ìkórè sílẹ̀. Iṣẹ́ Olúwa ti dé nù un. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, a ní ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ bá yín sọ. Inú kóńgò ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà ní ọjà Bódìjà mọ kóńgò jù wá lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọjà náà sílẹ̀ ní 1987, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti ń ra gààrí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti èlùbọ́. Kóńgò ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n gbogbo kóńgò kọ́ ló dọ́gba. Àwọn kan á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Àwọn kan á yọ́ àbẹ́là sí i nísàlẹ̀, á sì dì síbẹ̀. Àwọn mìíràn kò ní ṣe kóńgò ní nǹkan kan rárá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn: bí wọ́n bá ti ń wọn ẹ̀wà, ọwọ́ òsì á ti wà nínú kóńgò kí ó tó kún. Ẹni tó ń rà á rí i pé orí rẹ̀ ṣe gogo, á gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ìdí ààrò ló ti máa ń mọ̀ pé ẹ̀wà ọ̀hún kò lè yó ọmọ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ènì ló dùn wá jù. Oníbàárà á ní, "Màmá, ẹ fún mi ní ènì." Ìyá ọlọ́jà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Gbà, Ọlọ́run á bù kún un." Oníbàárà á dúpẹ́, ó tilẹ̀ lè kúnlẹ̀. Kí ló ń dúpẹ́ fún? Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ni ìdí kóńgò ti gbé mì, ẹyọ kan ni wọ́n dá padà fún un. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Bí a bá fi owó tí a rí lọ́nà bẹ́ẹ̀ san ìdámẹ́wàá lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣé ó yàtọ̀ sí ènì yẹn? A mú lára ohun tí a fi ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ Ọlọ́run, a gbé e wá fún Ọlọ́run, a sì ń retí kí Ó bù kún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Wòlíì Ámósì kì í ṣe ọmọ wòlíì. Ẹran ọ̀sìn ló ń dà, ó sì ń tọ́jú igi eléso. Ó rí àwọn oníṣòwò Ísírẹ́lì tí wọ́n pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ráhùn pé kò tètè parí, kí àwọn lè padà sídìí ọkà, kí àwọn lè dín òṣùwọ̀n kù kí àwọn sì fi kún owó. Ara wọn wà níbi ìsìn, ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ kóńgò. Ìwé Ámósì, orí 8, ni ẹ ó ti rí i. Orí náà kò gùn. Ẹ ka á fúnra yín, kí ẹ kà á jẹ́jẹ́.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn nísinsìnyí. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A kò ní tàn yín, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Bí kóńgò ẹnì kan bá pé, tí ti ẹni tó wà nísọ̀ kejì kò pé, ti ẹni kejì yóò dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú, oníbàárà á sì kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá kan nínú kíláàsì wa sọ fún wa lójúkojú pé, "Tíṣà, ẹ̀yin ò kì í tajà. Owó oṣù lẹ̀ ń gbà." A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. A lọ sílé, a rò ó.

Ohun tí a lè sọ lónìí ni pé ó ṣòro fún ẹnì kan láti dá a ṣe. Ṣùgbọ́n bí onígbàgbọ́ mẹ́wàá bá ń ta gààrí ní ìlà kan náà, kí ló ń dí wọn lọ́wọ́ láti pàdé, kí wọ́n ra kóńgò tuntun, kí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn, kí wọ́n sì jùmọ̀ fi iye owó kan sí i? Bí ìkórè bá ti ń bọ̀, à ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí aṣọ ẹbí. A lè dá ti kóńgò náà. Àwọn Mùsùlùmí tó wà nítòsí pàápàá lè fẹ́ bá wọn ṣe é, nítorí ẹ̀sìn tiwọn náà kórìíra òṣùwọ̀n èké.

Kì í sì í ṣe ọlọ́jà nìkan là ń bá wí. Awakọ̀ tó ń ná Challenge sí Ring Road tó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ṣéńjì wà níbẹ̀. Akọ̀wé ní Dùgbẹ̀ tó ti fáìlì sí abẹ́ tábìlì títí ẹ̀gúnjẹ yóò fi dé wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ní Bódìjà tó ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ sí àdúrà òwúrọ̀, tí kò sì tíì san owó oṣù mẹ́ta tó jẹ ẹ́, òun náà wà níbẹ̀.

À ń pe àlùfáà ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa nísinsìnyí tí ẹ ti lè kà á: ì-rán-ṣẹ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni. Nítòsí wa níhìn-ín ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlùfáà. Immanuel College wà ní Samonda, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí a ń pè ní SS. Peter and Paul wà ní Bódìjà. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n pé ẹ kò lọ síbẹ̀ kò fi hàn pé a kò rán yín níṣẹ́.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí. Ní 1853, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wá fi Kúdẹtì ṣe ilé. Wọ́n gba àwọn ọmọdé sílé, wọ́n ń kọ́ wọn níwèé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, ebi sì pa wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn wa: Daniel Olubi ní Kúdẹtì, James Okuseinde ní Ògùnpa, W. S. Allen ní Arẹ̀mọ. Olubi yìí, iṣẹ́ ilé ló kọ́kọ́ ń ṣe lọ́dọ̀ Hinderer. Ọdún 1871 ni wọ́n tó fi jẹ díákónì. Àwa rò pé kí wọ́n tó fi ìjọ lé e lọ́wọ́, wọ́n ti rí ọwọ́ tó fi mú iṣẹ́ ilé.

Ẹ sì wo àwọn Akinyele, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Alexander ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, òun sì ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952. Isaac, àbúrò rẹ̀, jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ C.A.C., ó sì wà lórí oyè Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Ọ̀kan wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan jókòó sórí oyè, ta ni yóò wá sọ pé ọ̀kan ni ìránṣẹ́, èkejì kì í ṣe ìránṣẹ́?

Nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 6, ìjà kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ. Orí oúnjẹ ni. Wọ́n ní àwọn opó kan kì í rí tiwọn gbà nígbà pípín. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kéré jù fún ìjọ. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje tí gbogbo ènìyàn jẹ́rìí sí ìwà wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí pẹ̀lú àdúrà. Nítorí oúnjẹ opó!

Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ara wa, kí ẹ má baà rò pé ọlọ́jà nìkan là ń dá lẹ́jọ́.

A jẹ́ márùn-ún tí ìjọ fi sí ìdí owó ìkórè lọ́dún kan. Inú àpótí kan ni à ń kó owó sí. A kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. A ní ará ni gbogbo wa, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe láàrin ara wa? Màmá kan tó ń ta gààrí ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Òun nìkan ni kò mọ̀wé nínú wa. Nígbà tí a ka owó, ₦40,000 kò sí níbẹ̀. A kò pè é ní olè o. A kàn wò ó lójú, a ní, "Màmá, ẹ lọ rò ó dáadáa." Ó mọ ohun tí à ń sọ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó yọ ₦40,000 nínú owó òwò rẹ̀, ó gbé e wá fún wa. A sì gbà á.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwa ọkùnrin ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀ tó ti gbé kọ́, ó sì fa rìsíìtì yọ. Òun ló mú owó náà nínú àpótí, ó fi san owó bẹ́ǹṣì fún káfíńtà. Ó gbàgbé. Kò sí ẹni tó jalè nínú wa. Àdúrà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpàdé wa. Ìlà kan ṣoṣo tí à bá kọ sínú ìwé ni a kò kọ.

A lọ bá màmá nílé lálẹ́. A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀. Ó bu omi fún wa mu. Ó gba owó rẹ̀. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi débẹ̀ mọ́." Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ló ń lọ títí di òní. Ohun tó tún ń dùn wá ni pé gààrí ti wọ́n sí i láàrin oṣù márùn-ún yẹn; ₦40,000 tí a dá padà kò lè ra iye gààrí tó lè rà nígbà tí a gbà á. Sákéù ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àwa ka iye tí a gbà, a dá a padà, a sì lọ sùn.

Láti ìgbà náà, ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Ẹ̀yin ni a fẹ́ kí ẹ máa kọ ọ́, nítorí ẹ mọ bí ó ti rí kí wọ́n máa ka ìwé lé ènìyàn lórí, kó má mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé, pẹ́ńsù àti rúlà wá. A ó kọ́ bí a ṣe ń fa ìlà sí méjì, owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ní kóńgò, ẹ gbé e dání. A ó fa omi kalẹ̀, a ó bù ú láti inú ọ̀kan sí èkejì, gbogbo wa á sì jọ wò ó.