Bí Oyin Bá Ta Ni

Oró oyin ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ adùn oyin ju bí a ti mọ oró rẹ̀ lọ.

Abo nìkan ni í ta ni nínú oyin. Abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ ní ìkọ wẹ́wẹ́ bí ìwọ̀ ẹja. Bí ó bá ti wọ̀ wá lára, kò ṣeé fà yọ fún un mọ́. Bí oyin bá fẹ́ fò lọ, abẹ́rẹ́ náà yóò já kúrò ní ìdí rẹ̀ tàpòtàpò, òun náà yóò sì kú. (Agbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: a ta ni, a tún ta ni.) Ṣùgbọ́n àpò tí ó fi sílẹ̀ ṣì ń tú oró sí wa lára.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yọ ọ́ kíákíá. A ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé kí a má fi ìka fà á, kí a má baà tẹ àpò náà, pé ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí a fi họ ọ́ dànù. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dán ọ̀nà méjèèjì wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ọ̀kan náà ni fífà àti híhọ. Ìdádúró ni ó ń mú ara wú sí i. Ẹni tí ó sáré wọ ilé ìdáná lọ wá ọ̀bẹ ti fi àyè gba oró.

Abẹ́rẹ́ náà a tún máa tú òórùn kan jáde tí ó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n, òun ni ó sì ń pe àwọn oyin yòókù wá. Nítorí náà kí a má dúró jà. Kí a fi aṣọ bo ojú, kí a sáré wọ ilé tàbí ọkọ̀, kí a sì ti ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ kò lè sá. Kí a má so ó sí tòsí ibi tí oyin wọ̀ sí.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, omi tútù ti tó. Àwọn kan wà, síbẹ̀, tí ara wọn kò gba oró oyin rárá. Bí ahọ́n ẹni tí oyin ta bá ń wú, bí kò bá lè mí dáadáa, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí a má fi epo tàbí àgbo dá a dúró. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀; abẹ́rẹ́ adrenaline ni oògùn rẹ̀, irú rẹ̀ a sì máa pani láàárín wákàtí kan. Ẹni tí oyin púpọ̀ ta, pàápàá ọmọdé, kí a gbé òun náà lọ bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, nítorí oró tí ó pọ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.