Ẹ̀rọ Agésítíkà tí ó Dúró Lágbedeméjì Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo mú wá lónìí. Bí o kò bá tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, o ti rí i: orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì iléèwé, nọ́ńbà tí ń bẹ lára kẹ̀kẹ́ Màrúwá, àkọlé tí ó wà lójú gíláàsì onídìrí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀dà. Sítíkà ni, ẹ̀rọ kan ni ó sì gé e.

Àgbàdo ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní ààlà Ògùn àti Èkó, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà rẹ̀ dé Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1901. Ní 2024 ni ìjọba Èkó ṣí ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí ó ń gbéra láti Àgbàdo lọ sí Òyìngbò. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà wa kan ti kọ́ àṣà tuntun: ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò gbé iṣẹ́ wá, wọn yóò sì ní ọkọ̀ òwúrọ̀ ni àwọn yóò bá lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ máa ń dúró sí lágbedeméjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ náà ti rí. A ó ki sítíkà tí a ká bí ẹní bọ abẹ́ àwọn rọ́bà roboto tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irin tí ń yí lábẹ́ yóò máa fà á síwájú, yóò máa fà á sẹ́yìn. Lókè rẹ̀ ni ọ̀bẹ kan wà, tí ẹnu rẹ̀ kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, tí ń sáré lọ sọ́tùn-ún, sósì. Ọ̀bẹ yìí ní láti gé sítíkà já, kí ó má sì gé bébà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ. Èdè tí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ni HPGL, tí ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà ṣe fún ẹ̀rọ tí ń fi kálàmù yàwòrán. Títí di òní, èdè náà kò mọ̀ pé ọ̀bẹ ti gba ipò kálàmù: "PU" ni ó ń wí, èyíinì ni "gbé kálàmù sókè", ó tún wí pé "PD", "sọ kálàmù kalẹ̀". Ó pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 40, ó sì ń sọ fún ọ̀bẹ pé, lọ síbí, lọ sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá "A" ni òun ń gé tàbí "B". Àṣẹ kan tán, òmíràn dé. Bí àṣẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, yóò dúró gan-an síbi tí ó wà, tòun ti ọ̀bẹ nínú ike.

Ní oṣù January kan, nígbà tí ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa là, mo gba iṣẹ́ bọ́ọ̀sì iléèwé méjì. Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀rọ gé ìlà kìíní, ó gé ìkejì, nígbà tí ó dé àárín ìkẹta, ó dúró. Mo fa sítíkà náà ya, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró, ṣùgbọ́n ìlà kìíní ni lọ́tẹ̀ yìí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo yíjú sí ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní ó ń fi ẹsẹ̀ kọ wáyà. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, n kò fẹsẹ̀ kàn án o." Mo ní irọ́ ni. Mítà mẹ́rin sítíkà ti ṣòfò, owó mi sì ni. Mo ní kí ó pe ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, kí ó wá kó ẹrù rẹ̀. Ọdún méjì ni ó ti lò lọ́dọ̀ mi.

Ó ń sunkún, ó ń ká sítíkà tí ó ṣẹ́kù, ni ó bá ta gìrì. Ó ní, "Ọ̀gá, nǹkan yìí ń gbé mi." Mo ní báwo ni ike yóò ṣe gbé ènìyàn bí iná? Mo na ọwọ́ sí i. Ó ró "tá!" lórí ìka mi, irun apá mi sì dìde.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ lè tètè mọ ohun náà jù mí lọ. Bí ẹ bá fi kóòmù ike ya irun gbígbẹ, tí ẹ gbé e súnmọ́ bébà wẹ́wẹ́, yóò fà á mọ́ra. Iná ni ó kó jọ sára ike náà. Nígbà òjò, ọ̀rinrin a máa jẹ́ kí ó yọ́ lọ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nígbà ọyẹ́, gbogbo nǹkan gbẹ, kò ríbi lọ. Sítíkà tí ń tú kúrò lára ìdì rẹ̀, tí a ń fà síwá sẹ́yìn, ń kó o jọ, ń kó o jọ, títí yóò fi fò sára irin ẹ̀rọ, yóò gba inú wáyà USB lọ, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣe bí ẹni pé ẹnìkan fa wáyà náà yọ. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fà á.

A pa iná. A so wáyà kan mọ́ irin ara ẹ̀rọ, a sì so ìdí rẹ̀ kejì mọ́ irin tí a gbìn sínú ilẹ̀ tútù lẹ́yìn ìsọ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣe ti yín o. A wọ́n omi díẹ̀ sí ilẹ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ. A tú ìwọ̀n sítíkà tí a nílò sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà máa fà á tipátipá. A ya wáyà USB kúrò lára wáyà iná, a sì lo èyí tí ó kúrú, nítorí èyí tí ó bá gùn ju mítà 5 lọ kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró mọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Mo bẹ ọmọ náà. Kò rọrùn fún ọ̀gá láti bẹ ọmọ iṣẹ́, n kò ní parọ́ fún yín.

Ohun tí ó yẹ kí n ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ibi tí ẹ̀rọ ti ń dúró kò jọra. Nítorí náà, bí tìrẹ bá dúró, má tíì fa sítíkà ya, má sì sáré bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wo lẹ́tà tí ó dé, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yọ ọ̀bẹ kúrò, fi àjákù sítíkà sí i, kí o jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ náà lófìfo. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Bí ó bá tún dúró lórí lẹ́tà kan náà, inú àwòrán ni kí o wá a sí. Àwòrán tí a fi kọ̀ǹpútà tọ ipa rẹ̀ láti ara fọ́tò sábà máa ń kún fún àìmọye àmì kéékèèké tí ojú kò rí. Dín wọn kù, tàbí kí o tún lẹ́tà náà yà. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ibì kan náà lórí irin ni ọ̀bẹ ti ń há, lẹ́tà yòówù tí ì báà jẹ́, wo èérún sítíkà tí ó lẹ̀ mọ́ irin náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró níhìn-ín, tí ó tún dúró lọ́hùn-ún, fi àwòrán sílẹ̀. Wáyà, iná àti ọyẹ́ ni kí o dojú kọ.

Ní ti iná, folti 230 ni ó yẹ kí ó máa wọlé. Nígbà tí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ wa bá ń jó irin, a máa rí i lójú gílóòbù pé iná rẹlẹ̀. Bí iná tí a ṣì ń pè ní NEPA bá sì lọ, tí a tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ a gbàgbé ibi tí ó dé. UPS kékeré yóò gbà ọ́ níbẹ̀. Wo kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú, nítorí àwọn mìíràn a máa sùn tàbí kí wọ́n pa ojú ihò USB láti ṣọ́ bátìrì jẹ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò yóò bá ọ yí i padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi náà ti ṣe firídọ́ọ̀mù. Nígbà tí ó gba ìsọ̀ tirẹ̀, mo lọ kí i. Kò tíì gbé pátákó orúkọ rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbin irin sílẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀, ó sì ti so wáyà mọ́ ọn.

Àkókò mi ti pé. Ó dàbọ̀ o.