Ọjọ́ Ìsinmi Kan Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́ Júù

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti wà ní ọkàn wa. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tí a fi ojú ara wa rí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí a lọ kí ọmọ wa obìnrin tí ó ń gbé níbẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Ó ju ogún ọdún lọ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí pé Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù jẹ́ àjàgà wúwo, pé kìkì èèwọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, àti pé kò sí ayọ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, a kò jókòó rí ní ilé Júù kankan ní Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn baba wa sì ti wí pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí irú àpéjọ tí a lọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1881 títí dé ọdún 1924, bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà méjì (2,000,000) àwọn Júù ni ó ti ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù wá sí Amẹ́ríkà, nítorí òṣì àti inúnibíni. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n rí i pé ọjọ́ iṣẹ́ ni Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́. Baba tí ó bá pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ lè bá ẹlòmíràn ní ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ni ó fi omijé ṣe iṣẹ́ ní ọjọ́ náà nítorí oúnjẹ àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí sì dàgbà láì mọ adùn ohun tí baba wọn pàdánù. Òfin ọdún 1938, tí ó fi ìdí iṣẹ́ ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ kan múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, jẹ́ ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé.

Lẹ́yìn èyí ni ibi ńlá náà dé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Násì ti ilẹ̀ Jámánì pa bí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù; bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní ilẹ̀ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún ni a ti ṣe èyí. Àwọn tí ó kù mọ̀ nígbà náà pé ọmọ kan tí ó bá gbàgbé kì í ṣe ohun kékeré. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Júù kan ti wà láti ọdún 1924, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Omaha. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àwọn ìjọ Reform dìde ní ọdún 1939, ti àwọn Conservative ní ọdún 1951, ti àwọn Orthodox ní ọdún 1954. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń lò ni kí wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama jọ láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tàbí di Ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n lè pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ pọ̀. Shabbaton ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Ìwé Ẹ́kísódù ní èdè Hébérù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìsinmi pátápátá.

Ọkùnrin Júù kan ni aládùúgbò ọmọ wa. Ó wá sọ fún wa pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí ọgọ́ta ń bọ̀ ní sínágọ́gù wọn, pé àwọn ará ìjọ ni yóò gbà wọ́n sí ilé, àti pé mẹ́ta yóò wọ̀ sí ilé òun. “Alùfáà,” ni ó wí, “ẹ wá bá wa jẹun.” A lọ.

Oòrùn ń yára wọ̀ ní àkókò náà. Agogo márùn-ún kò ní í tíì lù kí ó tó wọ̀. Nítorí náà ìkánjú kún ilé. Oúnjẹ gbogbo gbọ́dọ̀ jinná kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí a kò gbọdọ̀ dá iná ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ìyàwó ilé gbé ìkòkò ẹ̀wà, ẹran, ọkà báálì àti pòtétò lé iná jẹ́jẹ́ tí yóò gbà á títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta náà, tí ọwọ́ wọn kò kúrò lára fóònù láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kó fóònù wọn sínú àpótí kan, wọ́n sì tì í. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn wọ̀, ìyàwó ilé tan àbẹ́là, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sì súre. Ariwo ilé náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí a ti sínágọ́gù dé, kí a tó jẹun, baba ilé gbé ọwọ́ lé orí àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wúre fún wọn. Ẹ̀yin ará, ara wa bù máṣọ. Ìwúre tí àwọn baba wa ń ṣe fún wa ní òwúrọ̀ ni a tún rí yìí ní òkèèrè. Lẹ́yìn náà ó súre lórí ọtí àjàrà, ó sì bu búrẹ́dì. Búrẹ́dì méjì ni ó wà lórí tábìlì, ní ìrántí ìlọ́po méjì mánà tí Ísírẹ́lì kó ní ọjọ́ kẹfà ní aginjù. Orin bẹ̀rẹ̀. A fa gègé yọ láti kọ orúkọ orin kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rọra wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, a kì í kọ̀wé lónìí.” Ojú tì wá. Ìwé kíkọ wà lára iṣẹ́ oríṣi 39 tí àwọn olùkọ́ wọn àtijọ́ kà sí èèwọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà orí ni a fi gbé ohun gbogbo tí a ń sọ fún yín yìí.

Ní òwúrọ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi rìn lọ sí sínágọ́gù. A ṣí fìlà wa ní ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní ilé Ọlọ́run. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí a dé e padà. Wọ́n gbé ìwé kíká Òfin jáde, wọ́n pe ènìyàn méje ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi kíkà. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ ti Ábúráhámù nígbà tí ó jókòó ní ẹnu àgọ́, tí àlejò mẹ́ta sì yọ sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ọmọ náà jókòó ní méjì méjì láti jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ inú Támọ́dì ti wí pé gbígba àlejò tóbi ju gbígba ojú Ọlọ́run lọ, nítorí Ábúráhámù fi Olúwa sílẹ̀ láti sáré pàdé àwọn aláìmọ̀ wọ̀nyẹn. Ọmọbìnrin kan wí pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Èkejì rẹ̀ wí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí gan-an. Olùkọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ní kí wọ́n tún ìwé náà kà.

Ìrọ̀lẹ́ ni ohun tí a kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Wọ́n jẹ oúnjẹ kẹta, ilẹ̀ ń ṣú, kò sì sí ẹni tí ó tan iná. Nínú òkùnkùn ni wọ́n ti ń kọrin jẹ́jẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì wà ní ọkàn rẹ̀ a sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan wí pé òun nìkan ni Júù ní kíláàsì òun. Òun wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́, alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n ń figagbága. Ẹni tí ń kọ́ wọn ti ní kí òun yan ọ̀kan. Ó wí pé, “Mo wà níhìn-ín lónìí. Èmi kò mọ ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.” Gbogbo ilé dákẹ́. A retí kí Rábì wàásù, nítorí bí àwa bá ni, à bá wàásù. Ohun tí ó wí kò ju pé ilẹ̀kùn ilé òun yóò wà ní ṣíṣí ní ọjọ́ náà, yálà ó wá tàbí kò wá. Orin sì tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àkókò tí ìràwọ̀ mẹ́ta ń yọ tó, wọ́n tan àbẹ́là oníwúlí púpọ̀ tí a dì bí irun, wọ́n gbé èròjà olóòórùn dídùn kiri kí olúkúlùkù gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n súre fún Ẹni tí ó ya mímọ́ kúrò lára àìmọ́, àti ìmọ́lẹ̀ kúrò lára òkùnkùn. Wọ́n ti àbẹ́là bọ inú ọtí àjàrà, ó kú. Ọ̀sẹ̀ tuntun dé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo Júù ni ó ń ṣe bákan náà. Láti ọdún 1950 ni ìgbìmọ̀ òfin àwọn Conservative ti gba ènìyàn láyè láti wa ọkọ̀ lọ sí sínágọ́gù. Àwọn Reform a sì máa lo ohun èlò orin. Apá kan ni a rí. Ṣùgbọ́n apá náà tó láti pa ẹnu wa mọ́. Èèwọ̀ tí a ń pè ní àjàgà ni ọgbà tí ó yí ayọ̀ náà ká: nítorí pé fóònù wà nínú àpótí ni ọmọ fi rí ojú ọmọ, nítorí pé a kò tan iná ni ọmọkùnrin náà fi lè sọ òtítọ́ ọkàn rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti padà dé, a ti yí ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ padà, a sì ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn tí a kọ́ ní ìṣáájú.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa náà ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ kì í sì í padà sí ohun tí a fi tọ́ wọn. A máa ń bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ti ṣí ilẹ̀kùn, tí ó sì sọ fún wọn pé a kò ní í tì í? Ní ilé tiwa, a gbé agbọ̀n kan kalẹ̀ fún fóònù ní àkókò oúnjẹ Ọjọ́ Àìkú. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn ó ń ṣeé ṣe, ní ọ̀sẹ̀ mìíràn kò ṣeé ṣe. Ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, àwa gan-an ni a kọ́kọ́ na ọwọ́ sí agbọ̀n náà, tí àwọn ọmọ sì fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀ agbọ̀n náà ṣì wà níbẹ̀.

A kò gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, a máa ń rántí rẹ̀ nínú àdúrà wa.