"Ṣé O Ti Nílé Rí?": Ètò Owó Ìfipamọ́ fún Ẹni Tó Ń Ra Ilé Àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba



Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ ni ti owó tí ìjọba máa ń fi kún owó ẹni tó ń tọ́jú owó láti fi ra ilé àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Owó náà wà lóòótọ́. Àmọ́ àwọn ìbéèrè kan ló ṣáájú rẹ̀, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí ọmọ Yorùbá kì í tètè mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń bi. Orí ìyẹn ni n óò pẹ́ sí jù.

Lifetime ISA ni wọ́n ń pe ètò náà. George Osborne tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà yẹn ló kéde rẹ̀ ní oṣù kẹta 2016, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2017. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tí kò tíì pé 40, tó sì ń gbé ní Ìlú Ọba, lè ṣí i. Wọn kò ní kí ẹ mú ìwé ọmọ onílùú wá. Ibi tí ẹ ń gbé ni wọ́n ń wò. Ẹ lè fi tó £4,000 sí i láàárín ọdún owó orí kan, ìjọba á sì fi £1 kún £4 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi £4,000 sí i pé pérépéré á gba £1,000 lọ́dún náà. Ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé 50. Ọdún tí ẹ bá jẹ́ kó kọjá ti lọ nìyẹn. Ẹ kò lè fi ti èṣí kún ti èyí.

Ètò kan ti wà ṣáájú rẹ̀, Help to Buy ISA, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2015. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tuntun láti ìparí oṣù kọkànlá 2019. Ẹni tó bá ṣì ní in lọ́wọ́ lè máa fi £200 sí i lóṣooṣù títí di oṣù kọkànlá 2029, kó sì gba ẹ̀kún owó rẹ̀, tí kò lè ju £3,000 lọ, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 2030. Ẹni tó bá ní méjèèjì, ẹ̀kún owó ọ̀kan ṣoṣo ló lè fi ra ilé. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Ilé tí ẹ máa fi Lifetime ISA rà kò gbọdọ̀ ju £450,000 lọ. Mọ́géèjì lẹ gbọ́dọ̀ fi rà á. Ẹni tó bá kó owó sílẹ̀ ra ilé lẹ́ẹ̀kan náà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé inú rẹ̀, ẹ kò ní rà á fún ayálégbé. Oṣù méjìlá sì gbọ́dọ̀ ti pé láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sanwó sínú àkáǹtì náà. Èyí ló fi yẹ kí ẹni tó ti pé 38 tàbí 39 lọ ṣí i lọ́sẹ̀ yìí, ì báà jẹ́ owó kékeré tí báńkì bá lè gbà ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tó bá ti pé 40, kò sẹ́ni tó máa ṣí i fún un mọ́, àmọ́ èyí tó ti ṣí wà fún un di 50.

Nígbà tí ẹ bá rí ilé, owó náà kì í gba ọwọ́ yín kọjá. Lọ́yà tó ń bá yín ra ilé ló máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ báńkì, wọn á sì retí pé kí ilé náà di tiyín láàárín ọjọ́ 90. Kí lọ́yà tó lè béèrè, ẹ máa buwọ́ lùwé kan fún un. Ìwé náà kò gùn. Ẹ máa fi sọ pé ẹ máa gbé inú ilé náà, pé mọ́géèjì lẹ fi ń rà á, àti pé ẹ kò nílé rí, yálà ní Ìlú Ọba tàbí níbòmíì lágbàáyé.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ yẹn: *níbòmíì lágbàáyé*. Púpọ̀ nínú wa máa ń ka gbólóhùn yẹn bí ẹni ń ka àdúrà ìparí. Ẹni tó ti fowó ránṣẹ́ sílé fún ọdún mẹ́wàá, tí àbúrò rẹ̀ bá a kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí Mọ̀wé lórúkọ rẹ̀, ti nílé, bí kò tilẹ̀ sùn níbẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́dẹ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ọ̀kan nínú fúláàtì mẹ́rin tó wà ní Ìbàdàn sílẹ̀ fún nínú ìwé ìhágún ti nílé. Bó bá tà á lẹ́yìn ọdún kan, ó ti nílé rí náà ni. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni bóyá ẹ ti ní in *rí*, kì í ṣe bóyá ẹ ṣì ní in. Bí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n méjì bá jọ ni ín, ìpín kékeré yẹn náà á ká yín mọ́. Ti ilẹ̀ ṣófo tẹ́nikẹ́ni ò tíì kọ́ nǹkan sí yàtọ̀, torí ilé gbígbé ni òfin ń lé kiri, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn dá ara yín lójú bí ògiri bá ti dé ojú fèrèsé. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ náà lọ bá lọ́yà.

Ibi tó wá díjú sí ni ilé ẹbí. Ká sọ pé bàbá kan kú ní Mushin láìṣe ìwé ìhágún, ó sì fi ilé kan àti ọmọ mẹ́fà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lewisham. Kò gba kọ́kọ́rọ́, kò gba owó ilé, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ṣé ó ti nílé rí?

Ohun tí òfin ìbílẹ̀ wa wí ni pé ilé náà ti di ti gbogbo ọmọ. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó ti fìdí èyí múlẹ̀ láti 1908 nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé. Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ló ń ṣe olórí, àmọ́ òun nìkan kò lè tà á. Ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tà á. Bí wọ́n bá tà á, ó ní ìpín. Ṣùgbọ́n kò lè dá ìpín yẹn tà, kò sì lè há a fún ọmọ tirẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ ọmọ bíbí nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ní lọ́tọ̀. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn nílé bàbá rẹ̀ kò tíì ra ilé.

Àmọ́ èrò tèmi kọ́ ló máa san owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kùnà. Òfin tí wọ́n kọ síbí ń wo gbogbo ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní lórí ilé, ó sì ka ogún mọ́ ọn. Ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe ni kó sọ ọ̀rọ̀ ilé Mushin fún lọ́yà rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó sọ bí bàbá ṣe kú àti ohun tí ẹbí ṣe lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ti lọ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù, tí wọ́n sì ti pín ilé náà ní ìdí igi, ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tàbí ní orí-ò-jorí, ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ó ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbí kò gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1962, ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé dé iwájú Privy Council, London níbí gan-an, lórí bóyá ogún ọkùnrin ará Èkó kan tó ní ìyàwó mẹ́rin máa lọ ní ìdí igi tàbí ní orí-ò-jorí. Ìdí igi làwọn adájọ́ náà gbè, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tún wà. Bí ọkọ bá ti nílé rí tí ìyàwó kò sì ní in rí, wọ́n lè jọ ra ilé kan, kí ìyàwó fi Lifetime ISA tirẹ̀ sí i. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni ètò yìí ń wò. Àmọ́ ẹ̀dínwó owó òntẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò nílé rí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń da méjèèjì pọ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo tó báyìí? Torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kùnà ni. Ẹ fi £4,000 sí i, ìjọba fi £1,000 kún un, ó di £5,000. Bí ẹ bá yọ ọ́ láìra ilé tó bá òfin mu, tí ẹ kò tíì pé 60, tí kì í sì í ṣe àìsàn tó ń gbẹ̀mí èèyàn láàárín ọdún kan, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀. £1,250 nìyẹn. £3,750 ló máa dọ́wọ́ yín. Wọ́n gba ẹ̀bùn wọn, wọ́n sì mú £250 nínú òógùn yín pẹ̀lú, ọ̀kan nínú 16. Alájọ tó ń yípo ọjà ní Dùgbẹ̀ kì í gbà ju owó ọjọ́ kan lọ lóṣù, ọ̀kan nínú ọgbọ̀n, òun sì nìyẹn tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Láàárín oṣù kẹta 2020 sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin 2021, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n dín ìtanràn yìí kù sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀bùn ìjọba nìkan ló ń padà. Mi ò rí ìdí tí kò fi dúró bẹ́ẹ̀.

Ìtanràn yìí ń mú àwọn tí kò ṣẹ̀ pẹ̀lú. £450,000 yẹn kò tíì yí padà láti 2017, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé ní London sì mọ ohun tí owó ilé ti dà. Ẹni tó bá padà sí Nàìjíríà kò lè sanwó sí i mọ́, bó bá sì yọ ọ́, wọ́n á gé e. Ẹni tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lọ béèrè Universal Credit, wọ́n á ka owó inú rẹ̀ mọ́ ohun ìní rẹ̀. Tí gbogbo ìfipamọ́ rẹ̀ bá sì ti kọjá £16,000, kò ní rí nǹkan kan gbà.

Ẹni tó ti nílé rí kò tilẹ̀ nílò láti sá fún ètò náà pátápátá. Ó lè ṣí i, kó fi owó náà sílẹ̀ di 60, kó sì gbé gbogbo rẹ̀ láìsí ìtanràn. Ó kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé owó ogbó ló ń tọ́jú, kì í ṣe owó ilé.

Nínú ìṣúná oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé àwọn máa gba èrò aráàlú lórí ètò tuntun tó rọrùn jù, fún ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́, tí yóò rọ́pò Lifetime ISA. Ariwo ìtanràn àti ti £450,000 pọ̀ nílẹ̀. Àwọn tó máa pa á pọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá wa sọ̀rọ̀ ilé ẹbí. Àwọn lọ́yà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni mo ń bá wí: ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ìwé tí wọ́n máa buwọ́ lù nínú ètò tuntun náà sọ ọ́ gbangba pé ilé tí ẹnì kan kò lè dá tà, tí kò lè há fún ọmọ rẹ̀, tí kò sì tíì gba ìpín kankan nínú rẹ̀, kì í ṣe ilé tó ti ní rí. Bí wọ́n bá béèrè irú ilé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́ka ẹjọ́ 1962 sí wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ló wà.