Ẹ Tọ́jú Koríko Ẹ̀yìnkùlé Yín Kí Òtútù Tó Dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ má bínú, ẹ̀yin ará wa tó yálé ní Ìlú Ọba ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ilé yín bá ní koríko lẹ́yìn, ẹ lọ wo ìwé àdéhùn yín. Ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ó máa tọ́jú rẹ̀. Tó bá ti di ẹrẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, lánlọ́ọ̀dù lè ní òun fẹ́ yọ nínú owó ìdógò yín.

Ká sòótọ́, wọn ò kọ́ wa níṣẹ́ yìí nílé. Àgbàlá tó mọ́ lójú àwọn ìyá wa ni èyí tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá títí ilẹ̀ fi ń dán. Koríko kẹ̀? Ẹ ro ó kúrò, kí ejò má baà ríbi sá sí!

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró di oṣù Kẹrin, tí oòrùn bá yọjú, kí wọ́n tó sáré lọ ra ajílẹ̀. Lójú tèmi, ìgbà ìwọ́wé ló dáa jù, láti oṣù Kẹsàn-án sí ìdajì oṣù Kẹwàá. Ooru ṣì wà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn, òjò sì ti padà dé. Irúgbìn á tètè hù, á sì ti ta gbòǹgbò kí òtútù tó mú.

Ẹ kọ́kọ́ gé e, kẹ́ ẹ wá fi réèkì ha koríko gbígbẹ tó ti lẹ̀ mọ́ra nísàlẹ̀ jáde, àti ohun tútù tó rọ̀ bíi fóòmù tí wọ́n ń pè ní moss. Ó máa dà bí orí tí onígbàjámọ̀ fá dé ìdajì. Ẹ má fòyà.

Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti tẹ̀ le, tí omi ń dúró sí, ẹ fi fọ́ọ̀kì ńlá tí wọ́n fi ń túlẹ̀ gún un. Kó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ihò kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ̀yìn á dùn yín o! Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fo ohun mìíràn, ẹ má fo èyí, torí gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́.

Ẹ wá wọ́n irúgbìn, gíráàmù 10 sí 15 fún mítà kan níbùú lóròó. Ryegrass ló ń fara da bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ.

Ajílẹ̀ tó ṣẹ́kù láti ìgbà ìrúwé ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Náítírójìn inú rẹ̀ pọ̀, ewé rírọ̀ ló máa mú jáde, àrùn sì fẹ́ràn irú ewé bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù. Èyí tí wọ́n kọ “autumn” sí lára ni kẹ́ ẹ rà, pòtásíọ̀mù rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí irin bá wà nínú rẹ̀, kó má kan síléàbù o, àbààwọ́n rẹ̀ dà bí ìpẹtà. Owó ìdógò náà tún nìyẹn!

Ewé igi tó bá já bọ́ sórí rẹ̀, ẹ máa kó o kúrò, kó má baà bo oòrùn mọ́ ọn. Láàárọ̀ tí yìnyín bá bò ó, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ewé rẹ̀ á kán.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún yà á tó bá ti hù tán, kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀. Ẹ tọ́jú wọn pẹ̀lú ìwé àdéhùn yín. Ó dìgbà kan ná.